Wúùlù Brazil tí mo ń rà ní Sábó Ìkòròdú: ẹ rà á fún báàgì, ẹ fi aṣọ sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé irú òwú wo ni mo fi ń hun báàgì àti fìlà tí mo ń gbé síta, kò sí àṣírí kankan ńbẹ̀ o, wúùlù Brazil náà ni, èyí tí àwọn onídìrí fi ń dirun, tí wọ́n so rọ̀ rẹpẹtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Sábó n'Ìkòròdú níbí. Mo ti fi hun báàgì, mo ti fi hun fìlà, ẹní ìnusẹ̀, bàtà ọmọ tuntun, kódà mo fi hun búláòsì fún ara mi, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ọwọ́ mi ló sọ fún mi. Kúkúrú ẹ̀ ni pé fún báàgì kò sí òwú míì tó dáa tó o ní iye owó tí mò ń ná yìí, fún aṣọ ara àgbà ẹ jìnnà sí i. Ẹni tó bá ń kánjú lè máa lọ, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí kó fìdí lélẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí àgùntàn kankan nínú ọ̀rọ̀ wúùlù yìí o. Akírílíìkì ni, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń fa ohun tí wọ́n fi ń ṣe é jáde, ilé-iṣẹ́ DuPont l'Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe irú okùn yẹn ní 1941. Ìyẹn ò ní kó burú, àmọ́ ó dáa kéèyàn mọ ohun tó ń sanwó lé, torí àwọn kan wà tó jẹ́ òun yìí kan náà ni wọ́n máa yí bébà ara ẹ̀ padà tí wọ́n á sọ pé kọ́tìnnì ni, òwú tó ń hù lóko, tí wọ́n á sì gba owó kọ́tìnnì lọ́wọ́ yín. Bí mo ṣe ń dá a mọ̀ nìyí, mo máa ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún mi, kó má ju ìka ọwọ́ lọ, mo máa ṣáná sí i. Tó bá jẹ́ akírílíìkì, á yọ́, á ká jọ, nígbà tó bá tutù á di kókó dúdú kékeré kan tó le gbagidi, tẹ́ ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́ kò ní fọ́. Tó bá jẹ́ kọ́tìnnì, á jó bíi bébà, eérú ẹ̀ á kúnná láàrin ìka. Tó bá jẹ́ irun àgùntàn gidi, òórùn irun tó jóná lẹ máa gbọ́, iná yẹn ò sì ní fẹ́ jó lọ títí. Mo ṣe é níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń búra fún mi pé kọ́tìnnì pọ́ńbélé ni, òwú yọ́ mọ́ láítà mi lẹ́nu, ọmọkùnrin tó ń tajà wò mí ó ní "Àǹtí, gbogbo ẹ̀ náà ló jọra jàre." Mo ní ó dáa, tó bá jọra kó jẹ́ kí n sanwó wúùlù. Ó gbé ọjà ẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ibi tó ti dáa, torí ó dáa o. Báàgì tí mo fi hun, gbaragbara ló dúró. Tí mo bá fi òwú méjì papọ̀ tí mo sì lo píìnì, irin ẹlẹ́nu kíkọ́ tá a fi ń hun nǹkan, tó kéré díẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sára léébù, ojú ìhun á dì, kò ní sí pé kọ́kọ́rọ́ tàbí pẹ́ń ń yọ orí síta láti inú báàgì. Kọ́tìnnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́tìnnì wúwo, tẹ́ ẹ bá ti kó ẹrù sínú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ okùn èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sí i, báàgì tó wà ní ìbàdí á di ti orúnkún. Wúùlù yìí kì í mu omi, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ fún un, kódà nígbà òjò tí aṣọ kì í gbẹ n'Ìkòròdú yìí, kò ní pẹ́ tí á fi gbẹ. Kì í sún kì. Àwọ̀ ẹ̀ kì í ṣàn, mo ti fọ pupa àti funfun pọ̀ nínú báàfù kan náà, funfun jáde ní funfun. Owó ẹ̀ ńkọ́, mi ò ní kọ iye torí bí mo bá kọ ọ́ lónìí tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á ti fi kún un, àmọ́ owó tí mo máa fi ra bọ́ọ̀lù kọ́tìnnì kan, mo lè fi ra wúùlù yìí méjì, nígbà míì kó ku owó mọ́tò.

Ohun míì tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀ ni pé ẹ lè fi iná pa ẹnu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá hun tán, tẹ́ ẹ ti fi abẹ́rẹ́ sín ìrù òwú wọnú, ẹ kàn fi iná kan ṣóńṣó ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, ó parí, kò ní tú mọ́ láé. Àmọ́ kókó kékeré tó máa kù yẹn, inú báàgì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà o. Lára aṣọ ọmọdé, yóò máa gún ọmọ lára, ọmọ á máa sunkún ẹ̀yin á máa fún un ní gíráìpù wọ́tà.

Ibi tó ti ń bí mi nínú wá ni bí wọ́n ṣe ń tà á. Ara léébù gbogbo òwú tó dáa, yàtọ̀ sí nọ́ńbà àwọ̀, nọ́ńbà kan tún máa ń wà ńbẹ̀ tó ń sọ ìkòkò aró tí wọ́n ti pa á láró, lọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Àwọ̀ kan náà, tí ìkòkò bá ti yàtọ̀, á fi díẹ̀ yàtọ̀. Lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ẹ ò ní rí i, inú oòrùn lẹ ti máa rí i. Ní Sábó gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń dà pọ̀ sínú àpò kan, àwọn kan tiẹ̀ ti ya léébù dànù. Ìyá kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ìyàwó fún ọmọ wọn ní kí n hun báàgì aláwọ̀ wáìnì fún àwọn, mo ra bọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí mo máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní tó bá kù díẹ̀ kí n padà wá, pé òun ti tọ́jú èyí tó kù sílẹ̀ fún mi. Èyí tó tọ́jú yẹn kọ́ ló fún mi o. Mo gbé báàgì jáde sí kọ̀rọ̀dọ̀, iwájú jẹ́ wáìnì, ẹ̀yìn ń lọ sápá ọ̀dọ̀ pọ́pù. Mo gbé e padà lọ bá a, "Ìyá Rídwàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo èyí fún mi." Wọ́n gbé e síta, wọ́n yí i síbí wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní ojú mi ló ti mú jù, pé tá ló máa wo ẹ̀yìn báàgì níbi ìyàwó. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n yọ̀ǹda kí n tú àpò yẹn sórí bẹ́ǹṣì kí n fọwọ́ ara mi ṣà á. Látìgbà yẹn báyìí la ṣe ń ṣe é, èmi ni mò ń ṣa lọ́ọ̀tì mi, àwọn a máa fún mi ní omi tútù. Ẹ bá wọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín náà, kí ẹ sì ra gbogbo èyí tí iṣẹ́ náà máa gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kódà kó ṣẹ́ kù.

Ẹ tún wo ìwọ̀n. Wọ́n á kọ 100g sára ẹ̀, mo gbé àwọn kan sórí síkéèlì tí mo fi ń wọn fúláwà, kò sí èyí tó pé nínú wọn. Àti kókó inú ẹ̀! Ẹ̀ẹ́ máa hun lọ jẹ́jẹ́, lójijì ẹ ó bá ibi tí òwú ti já ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é tí wọ́n kàn so ó pọ̀. Ibi tí kókó yẹn bá bọ́ sí, àárín iwájú báàgì ló máa ń bọ́ sí, mi ò mọ ìdí ẹ̀. Ńṣe ni mo máa ń gé e, kí n so tuntun mọ́ ọn létí ìlà.

Ó ku búláòsì. Ó rẹwà o, ẹ má jẹ́ n purọ́, gbogbo ẹni tó rí i ló ní kí n hun tòun. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé kan l'Ékòó, mo tò sórí ìlà BRT ní gáréèjì, oòrùn ń ràn, kí ọkọ̀ tó dé ẹ̀yìn mi ti tutù rinrin. Òógùn kò níbi tó ń lọ, torí òwú yẹn ò mọ omi mu, ẹ̀yin àti òógùn yín lẹ jọ máa wà ńbẹ̀ títí dé Mile 12 àti títí dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Nígbà tí mo ti wọ̀ ọ́ díẹ̀, abẹ́ apá ẹ̀ àti ibi tí báàgì ti ń ha á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn kókó wẹ́wẹ́, ó dà bí aṣọ tí ológbò ti sùn lé. Ẹ má sì lọ áyọ́nù ẹ̀ o! Ooru áyọ́nù ń pa á, á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, kò tún ní padà sípò mọ́. Aṣọ tí ẹ fẹ́ wọ̀ nínú ooru wa níbí, ẹ fi sùúrù tọ́jú owó kọ́tìnnì. Ti fìlà yàtọ̀, fìlà alẹ́ tàbí ti inú ọ́fíìsì tó ní ẹ́síì, kò sí wàhálà.

Píìnì, èyí tó ní rọ́bà lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ rà, 4mm tàbí 5mm á ṣe é fún wúùlù yìí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa àsìkò, pé ìgbà wo ni mò ń rí i hun. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fi mí jókòó ni. Orí ìlà BRT, ilé ìwòsàn, inú ọkọ̀ ojú omi láti Ẹbúté (jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń fi sí wa lọ́rùn kì í jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ ṣí dáadáa, kìkì bàtà ọmọ lèèyàn lè hun ńbẹ̀). Ọjọ́ Orò ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀yin ará ìlú mọ̀ ọ́n, obìnrin ò gbọ́dọ̀ jáde, nítorí náà mo máa ń ti ra wúùlù sílẹ̀, mà á se oúnjẹ láàárọ̀, mà á ti fèrèsé, mà á jókòó sórí ẹní. Kò sí ẹni tó máa pè mí síta, kò sí ọ̀kadà, ìró ìlẹ̀kẹ̀ fìlà tí mò ń kì bọ okùn nìkan ni mò ń gbọ́ nínú yàrá. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń dán àwọn nǹkan tí mi ò ní fún oníbàárà wò, àwọ̀ tí kò yẹ kó pàdé ara wọn, òdòdó tó tóbi jù. Àwọn tí mo fi ń ṣowó lónìí, àtinú eré yẹn ni púpọ̀ ti jáde.

Ó wá ku ti owó iṣẹ́. Ìyá ìyàwó ọ̀hún gba báàgì (èyí tí mo tún ẹ̀yìn ẹ̀ hun), wọ́n yìn ín, wọ́n wá ní "Àmọ́ ọmọ mi, ṣé wúùlù yìí náà lo pè ní iye yìí?" Mo ní "Mọ́mì, ẹ lè ra wúùlù wá, ọwọ́ mi lẹ̀ ń sanwó ẹ̀." Wọ́n san án. Wọ́n ti tún ní kí n hun méjì sí i fún àwọn àbúrò wọn, wọ́n sì ti ra wúùlù náà fúnra wọn lóòótọ́, lọ́ọ̀tì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta kọ́tìnnì tó dáa, tó ní léébù, láàrin Sábó sí Ẹbúté, tí mi ò fi ní máa lọ dé Ìdúmọ̀tà ní gbogbo ìgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi, àwọ̀ mílíkì ni mò ń wá, bọ́ọ̀lù mẹ́fà, lọ́ọ̀tì kan náà.