Àgbéyẹ̀wò: ilé-iṣẹ́ tó mú mi gun Kilimanjaro, àti ẹńfílóòpù wọn

Òkè gan-an kọ́ ni mo bá wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé Kilimanjaro ga ní mítà 5,895, pé òun ló ga jù ní Áfíríkà, ó wà lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tí mo sanwó fún ni mo fẹ́ sọ, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Moshi, ní Tanzania, tó ń ṣètò gígun òkè náà. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ni. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Láti Ìbàdàn ni mo ti ń bá arábìnrin kan sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì wọn lórí WhatsApp. Ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀. "Mama, karibu sana!", ìyẹn "ẹ káàbọ̀ o" ní Swahili, ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ aago mẹ́fà àárọ̀. Ó rán mi létí káàdì yẹ́lò, torí ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú hàn. Ó ní kí n ti máa wọ bàtà mi káàkiri àdúgbò kó lè bá mi lẹ́sẹ̀ mu kí n tó wá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ fún mi pé láti 2019 ni Tanzania ti fòfin de àpò ọ̀rá, àlejò pẹ̀lú. Ẹ wá wo èmi àti gààrí Ìjẹ̀bú mi ní pápákọ̀ òfurufú wọn! Mo ní láti kó ìbọ̀sẹ̀ kúrò nínú ike onídèérí kan kí gààrí lè ríbi wọ̀. Àwọn aṣọ́bodè rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ì bá gba ìlà kan lórí WhatsApp ni.

Ọ̀nà Machame, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gun òkè náà, ni mo yàn. Ètò ọlọ́jọ́ mẹ́fà ni arábìnrin náà kọ́kọ́ fẹ́ tà fún mi, pé ó dínwó. Mo kọ̀, mo gba ti ọlọ́jọ́ méje. Ọjọ́ kan tí wọ́n ń yọ yẹn, ìyẹn oorun tí à bá sùn ní àgọ́ Karanga, ni ara fi ń rí ààyè mọ afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ kó tó di òru tí à ń gun góńgó. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣírò owó, ẹ̀yin náà ẹ máa ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo lọ, ọgbà ìjọba tí òkè náà wà nínú rẹ̀ ń gba 70 dọ́là lójúmọ́, 50 dọ́là fún àgọ́ lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, 20 dọ́là fún ìgbàlà bí ẹnìkan bá ṣubú, kí wọ́n tó wá fi owó orí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Fún ọjọ́ méje, ó ti lé ní 950 dọ́là kí ẹnikẹ́ni tó se tíì. Amọ̀nà ńkọ́? Kúùkù ńkọ́? Oúnjẹ, ọkọ̀, àwọn tó ń ru ẹrù? Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá ní 1,200 dọ́là ni gbogbo rẹ̀, ara aláàárù ni wọ́n ti ń gé e. Aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí rẹ̀ ló ń jẹ. Ti àwọn aláàárù Kilimanjaro, mi ò rò pé wọ́n ń rí búrẹ́dì yẹn jẹ yó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti san ju ìlọ́po méjì 1,200 yẹn lọ. Arábìnrin ọlọ́yàyà fi ohùn ránṣẹ́ pé àwọn ń san ẹ̀tọ́ aláàárù pé pérépéré. Àjọ kan wà ní Moshi láti 2003, Kilimanjaro Porters Assistance Project, tó ń tọpinpin owó iṣẹ́ wọn, oúnjẹ wọn àti àgọ́ tí wọ́n ń sùn sí, tó sì ń kọ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá a dọ́wọ́ pọ̀ síta. Mo wá orúkọ tiwọn níbẹ̀, n kò rí i. Ó ní àwọn ṣì ń tún ìwé ṣe. Hmm.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó dùn, torí ó dùn gan-an. Ní géètì Machame, orí òṣùwọ̀n ni gbogbo ẹrù ń gbà kọjá, òfin ọgbà sì ni pé aláàárù kan kò gbọ́dọ̀ ru ju 20 kílò ti ilé-iṣẹ́ lọ. Ẹrù ẹnìkan fi díẹ̀ lé. Ọ̀gá amọ̀nà wa kò bá aṣọ́gbà jiyàn, kò rojọ́. Ó tú àpò náà, ó yọ gáàsì kan, ó gbé e sínú àpò tirẹ̀, a sì lọ. Ibẹ̀ ni mo ti fọkàn balẹ̀ lórí ọkùnrin náà.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń fi ẹ̀rọ kékeré há wa ní ìka, ó ń kọ ìwọ̀n ọ́síjìn wa sínú ìwé kékeré kan. "Mama, ṣé ẹ jẹun? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ tọ̀?" Ìbéèrè tí ọmọ mi ò jẹ́ bi mí! Ní ọjọ́ tí a dé Lava Tower, àpáta ńlá kan lójú ọ̀nà tó lé ní mítà 4,600, orí ń fọ́ mi bí ẹni ń gúnyán nínú rẹ̀. Ó ní kí n jókòó, kí n mu ọbẹ̀ ata-ilẹ̀, pé a ò ní sùn níbẹ̀. Lóòótọ́, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgọ́ Barranco, tí kò tó mítà 4,000, nígbà tó fi máa di alẹ́ orí ti fúyẹ́.

Àpò tí à ń wọ̀ sùn, tí mo háyà lọ́tọ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì, síìpù rẹ̀ ya ní àgọ́ Shira nínú òtútù tó ń mú omi inú ìgò dì. Igbákejì amọ̀nà jókòó lẹ́nu àgọ́ mi, iná lórí, ó fi òwú tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí eyín rán an láti òkè délẹ̀, ó ń so kókó lẹ́yìn gbogbo abẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́ta. Kò tún ya mọ́.

Uhuru, góńgó òkè náà gan-an ńkọ́? Mo dé e. Láti àgọ́ Barafu ní òru, ẹsẹ̀ kan níwájú èkejì, Stella Point, tí kò jìnnà sí góńgó mọ́, nígbà tí ojúmọ́ ń mọ́, ẹkún díẹ̀, fọ́tò, ó tán.

Ó wá ku géètì Mweka, níbi tí a ti ń jáde. Àwọn aláàárù ti ṣáájú wa dé, wọ́n ti to ẹrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, wọ́n kọrin, a jó. Mo ń wá owó tí n ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú àpò àyà mi ni ọkùnrin kan jáde látinú ọkọ̀ ọ́fíìsì. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Òun nìkan ni bàtà rẹ̀ mọ́ ní gbogbo àyíká yẹn. Ó na ẹńfílóòpù gígùn kan sí mi, aláwọ̀ ilẹ̀, òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ lára rẹ̀. "Mama, ẹ kó owó tip sínú rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa. Ọ́fíìsì ló máa pín in."

Mo bi í pé ta ló ń gba èló. Ó ní ìlànà wà. Mo ní kó fi ìlànà náà hàn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àwọn tó wà lẹ́yìn káńtà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí èèyàn máa lọ. Mo wo àwọn aláàárù. Kò sẹ́ni tó gbójú wò mí nínú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ń ru àpò mi bọ̀ láti Machame, tó fi okùn di àtẹ́lẹ̀ bàtà ọ̀tún mọ́ra kó má bàa ṣí kúrò, ń fi ẹsẹ̀ fa ìlà nílẹ̀.

Mo ní ojú gbogbo wọn ni n ó ti ka owó mi. Ọkùnrin náà pe ọ́fíìsì, ó sọ Swahili díẹ̀, ó gbé fóònù fún mi. Arábìnrin wa ni, kò sì sí "karibu" kankan lọ́jọ́ náà. "Mama, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wàhálà sílẹ̀." Èmi tí mo dàgbà sídìí aṣọ títà ní Gbági! Mo mọ̀ bí wọ́n bá ń gbé owó gba ẹ̀yìnkùlé. Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un láìdágbére.

Ọ̀gá amọ̀nà kò tí ì sọ̀rọ̀. Ó kàn bọwọ́ sápò, ó mú ìwé kékeré yẹn jáde, ó ṣí i láti ẹ̀yìn. Orúkọ gbogbo wọn wà níbẹ̀ àti iṣẹ́ tí kálukú ṣe. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí oníṣẹ́ẹ̀tì funfun wà rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ketekete. Kúùkù. Ẹni tó ń pọn omi. Ẹni tó ń ru ilé ìyàgbẹ́. Ẹni tó bá pè á bọ́ síwájú, n ó ka owó sí i lọ́wọ́, n ó sì pariwo iye rẹ̀ kí gbogbo wọn gbọ́. Onítọ̀hún tó so okùn mọ́ bàtà fi ọwọ́ méjèèjì gba tirẹ̀, ó tẹríba, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ràn pé ó kà á.

Oníṣẹ́ẹ̀tì funfun kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Moshi. Lálẹ́, arábìnrin náà kọ̀wé pé mo dójú ti àwọn. Mo bi í pé kí ni wọ́n máa fi ọ̀gá amọ̀nà ṣe. Ó kà á, kò dáhùn. Lẹ́yìn tí mo ti padà sílé ni ọ̀gá amọ̀nà fúnra rẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ láti géètì Machame, òun àti àwọn àlejò tuntun. Mo dúpẹ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè yìí kò jọ mẹ́rin, ọ́fíìsì yẹn kò tiẹ̀ yẹ ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọ̀kan sílẹ̀ tí àlejò dín kù, kì í ṣe ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni ebi máa pa. Ẹni tó bá ń lọ, kó bi mí ní kọ̀rọ̀, n ó fún un ní orúkọ ọ̀gá amọ̀nà yẹn. Kó sì mú dọ́là wẹ́wẹ́ dání, ti márùn-ún àti mẹ́wàá, tí kò ya tí kò sì gbó, torí kò sí ẹni tó máa ṣẹ́ owó fún un ní Mweka.