Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún: dílà tó ta mọ́tò olóògùn fún mi

Ká má parọ́, tó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo kọ èyí ni, ìràwọ̀ ẹyọ kan gan-an màá ní ó ti pọ̀ jù fún wọn. Mo fún wọn ní méjì báyìí torí pé wọ́n padà sanwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹni ń yọ eyín lẹ́nu ẹkùn ni kí owó ọ̀hún tó jáde.

Mọ́tò àlòkù ni mo lọ rà, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti da oògùn tó ń dí ihò sínú rédíétọ̀ ẹ̀ kí àbùkù ẹ̀ má bàa hàn. Ọgbà tí wọ́n ń kó mọ́tò sí mọ́ o, mi ò ní fi ìyẹn dù wọ́n, gbogbo táyà ń dán, inú mọ́tò ń ta sánsán. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn tajà náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé, ẹ sítáàtì ẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún." Mo sítáàtì ẹ̀, ó ń dún wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Nǹkan tí mi ò kà sí lọ́jọ́ yẹn, tó jẹ́ pé tí mo bá ti rántí ẹ̀ báyìí inú máa ń bí mi sí ara mi, ni pé nígbà tí mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n tó wọlé, ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo ní bóyá oòrùn ni. Oòrùn kọ́ jàre, wọ́n ti sítáàtì mọ́tò yẹn sílẹ̀ kí n tó dé, torí pé àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ni èéfín funfun máa ń tú àṣírí ẹ́ńjìnnì tí omi ń jò wọ inú ẹ̀.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé mi ò mú mẹkáníìkì dání. Mo mú un lọ. Ó fi ẹ̀rọ skáànù sí i, kò rí kóòdù kankan, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà mọ́tò fi ń sọ ibi tó bà jẹ́, inú àwa méjèèjì dùn. Àmọ́ ẹ̀rọ yẹn tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn àyẹ̀wò kan tí kọ̀ǹpútà mọ́tò máa ń ṣe fúnra ẹ̀ ò tíì parí, èmi bi í pé kí nìyẹn, ó ní kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà ńbẹ̀ o! Tí èèyàn bá fi ẹ̀rọ pa kóòdù rẹ́, tàbí tó yọ bátìrì, àwọn àyẹ̀wò yẹn náà máa pa rẹ́, ó sì dìgbà tí mọ́tò bá rìn dáadáa kí wọ́n tó parí padà. Mọ́tò tí ò ní kóòdù tí àyẹ̀wò ẹ̀ ò sì tíì parí, ọmọ tó jí ẹran jẹ tó ti yáa nu ẹnu ni.

Wọ́n gbé ìwé wá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí mo ṣe rí i ni mo ṣe rà á, kò sí àdápadà. Mo fọwọ́ sí i, àfi bíi pé ẹnì kan ń lé mi.

Ọjọ́ 19 lẹ́yìn tí mo rà á ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Inú gosiló ni mo wà, mo rí i tí ọwọ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná hàn ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo pa á, mo dúró kó tutù, mo fi ọgbọ́n gbé e délé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣí rédíétọ̀, omi ti lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò gbẹ táútáú, kò jò síta rárá. Mo wá ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, nǹkan funfun tó ń hó bí ìfófòó ọṣẹ tó ti dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀. Ó jọ pé omi ti wọ inú ọ́ìlì. Àyà mi já.

Mẹkáníìkì mìíràn ni mo gbé e lọ bá, ọ̀gbẹ́ni yẹn ò tiẹ̀ tú nǹkan kan. Ó ti ìka bọ ẹnu rédíétọ̀, ó gbé e jáde, ó fi hàn mí: nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń kún ọwọ́ bíi yanrìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti da oògùn sínú ibí." Oògùn tó ń dí ihò ni, tí wọ́n bá dà á sínú omi rédíétọ̀ ó lè mú kí ibi tó ń jò dí fúngbà díẹ̀, tó bá wá ṣe díẹ̀ á tún ṣí. Ó tún mú ike kan wá tí omi búlúù wà nínú ẹ̀, ó gbé e lé ẹnu rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó ń fọwọ́ tẹ rọ́bà orí ẹ̀, ojú mi báyìí ni búlúù yẹn ṣe di bí ewé tó sì wá pọ́n bí àwọ̀ ọsàn tó gbó. Ó ní èéfín iná inú ẹ́ńjìnnì ló ti wọ inú omi, ìyẹn ni pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sáàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀ kí omi, ọ́ìlì àti èéfín má bàa jò mọ́ra, ti bẹ́.

Ó fẹ́ tú u lójú ẹsẹ̀, mo ní rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú nǹkan kan nínú gbogbo ẹjọ́ tí mò ń rò yìí, ibí yìí ni kẹ́ ẹ mú. Àǹtí mi kan tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí ló kìlọ̀ fún mi pé tí wọ́n bá ti tú u kí dílà tó rí i, dílà á ní mẹkáníìkì yín ló bà á jẹ́, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ já a.

Mo kọ́kọ́ lọ pariwo. Mi ò purọ́, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ọmọkùnrin tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n mi ò gbé fóònù mi mọ́, ọ̀gá wọn wá ń pè mí ní màdáámù: "Màdáámù, àlòkù lẹ rà o, kì í ṣe tuntun, ẹ sì ti fọwọ́ sí i."

Nígbà tí mo délé ni mo jókòó kọ lẹ́tà. Ọjọ́ tí mo rà á, iye máìlì tó wà lójú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, iye tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó gbóná, fọ́tò ìdérí ọ́ìlì, fọ́tò ìka mẹkáníìkì pẹ̀lú oògùn yẹn. Ìwé tí mẹkáníìkì kọ́kọ́ kọ fún mi, "ẹ́ńjìnnì ò dáa" ló kàn kọ síbẹ̀, mo dá a padà, mo ní kó kọ nǹkan tó rí, àyẹ̀wò tó ṣe, àti bóyá ẹni tó da oògùn síbẹ̀ lè ní òun ò mọ̀ pé omi ń sọnù. Mi ò bá wọn jà pé mọ́tò ti gbó o. Ẹjọ́ mi ni pé ẹ mọ̀, ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìwé "bí mo ṣe rí i ni mo ṣe rà á" ò bo ẹni tó mọ àbùkù tó fi pamọ́, òfin ọ̀pọ̀ ibi ò gbà á. UK tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, òfin wọn ti 2015 jẹ́ kí èèyàn lè dá ọjà tó lábùkù padà láàárín 30 ọjọ́ kó sì gba gbogbo owó ẹ̀. Mo wá kọ nǹkan mẹ́ta tí mo lè gbà: kí wọ́n gba mọ́tò wọn, kí wọ́n sanwó àtúnṣe, tàbí kí wọ́n dá apá kan owó padà. Mo fún wọn lọ́jọ́ 14, lẹ́yìn ìyẹn ó di kóòtù.

Nígbà tó di ọjọ́ 11 lẹ́yìn tí mo fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ ni ọ̀gá wọn pè, mo ti di "àǹtí wa" padà. Ó ní kí n gbé e wá kí mẹkáníìkì àwọn bá mi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó da oògùn sí i kọ́ ló máa tún wá ṣe dókítà ẹ̀. A fà á títí, wọ́n gbà láti san gbogbo owó gásíkẹ́ẹ̀tì, owó kí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ orí ẹ́ńjìnnì tó ti wọ́ kó lè tẹ́jú padà, àti ìdajì owó iṣẹ́. Owó tákísí tí mo fi ń rìn kiri, wọn ò dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Ìwé tí wọ́n gbé wá fún owó gbà-má-bínú yẹn, wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi bírò fa ìlà gba ibẹ̀ kọjá níwájú ọ̀gá wọn, òun náà fọwọ́ sí i, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń kà á. Àṣìṣe tèmi ni pé mo fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì tán, ìgbà tí wọ́n wá tú u ni wọ́n rí i pé oògùn yẹn ti dí rédíétọ̀ náà pa, owó ìyẹn dẹ̀ jáde lápò mi.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn ṣáá, ẹ má sọ ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ ní ẹ máa padà wá lọ́la.