Ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò Alfa Romeo tí wọ́n ní "ẹ́ńjìnì 2000 ló wà nínú ẹ̀"

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ wà ní UK níbí tẹ́ ẹ fẹ́ràn mọ́tò Ítálì àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí tán kẹ́ ẹ tó fi deposit ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Òyìnbó kan ní apá Midlands ti lù mí ní jìbìtì. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ṣùgbọ́n mo máa ṣàlàyé bó ṣe ṣe é ní kíkún.

Alfa Romeo GT 1300 Junior ni mọ́tò náà, ti 1971, èyí tí Giugiaro ya nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Bertone. Ẹ mọ̀ ọ́n, téèyàn bá ti rí i báyìí orí ò ní pé mọ́. Ẹ́ńjìnì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ kéré, 1290cc, kò ju bíi 89 horsepower lọ, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń yọ ọ́ tí wọ́n á gbé ti 2000 GTV sí i, 1962cc, 131 horsepower. Ẹbí kan náà ni àwọn ẹ́ńjìnì yẹn, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pariwo pé ẹ́ńjìnì àjèjì ń ba mọ́tò Ítálì jẹ́, ṣebí V8 Ford ni wọ́n fi sínú De Tomaso Pantera láti ilé iṣẹ́, àbí ta ló bú wọn? Irọ́ ni mò ń bá jà, kì í ṣe pípààrọ̀.

Ohun tí bàbá yìí wí ni pé ẹ́ńjìnì 2000 ló wà níbẹ̀, gíàbọ́ọ̀sì 2000, àti dífúrẹ́ńṣà 2000 (eyín irin tó ń yí taya ẹ̀yìn), 41/10, ìyẹn ni pé pùrópẹ́là, ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, á yí ní ìgbà 41 tí taya bá yí lẹ́ẹ̀mẹwàá, tó sì ní LSD, èyí tí kì í jẹ́ kí taya ẹ̀yìn kan máa yí lásán láìsí ìkejì. Torí ẹ̀ ló ṣe fi £6,000 lé owó Junior lásán. Mo lọ wò ó ní Sátidé kan, kí n tó dé ẹ́ńjìnì ti gbóná, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ra epo ni. A gbé e jáde, láti iná traffic kan sí òmíràn, ha, mọ́tò yìí ń fò! Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí ó ti gbé mi mọ́ àga, mo ní ẹ̀n-ẹ́n, 2000 gidi lèyí, mo sanwó, mo ń rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Orí M40 ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Mo wà nínú gíà karùn-ún, mò ń sá 70, ni mo bá wo aago ẹ́ńjìnì, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ó wà ní bíi 3,500. Ọ̀rẹ́ mi kan ní 2000 GTV tòótọ́, mo ti jókòó nínú ẹ̀ àìmọye ìgbà, tiẹ̀ kì í ju bíi 3,150 lọ tá a bá ń sá 70, taya wa ò sì yàtọ̀. Àyà mi já.

Mo gbé e lọ bá bọ̀dá kan tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin, Peckham ló wà báyìí. Wọn ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi bú mi: "Àbúrò, ta ló ní kó o lọ dá ra mọ́tò?" Wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, wọ́n gbé e ka stand, wọ́n ti igi sí taya iwájú, wọ́n tú handbrake, gíà wà ní free, wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára pùrópẹ́là. Èmi di taya òsì mú, ọmọṣẹ́ wọn di ti ọ̀tún, a yí méjèèjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, bọ̀dá ń ka iye ìgbà tí àmì yẹn yí. Tó bá jẹ́ 41/10, ìgbà 41 ló yẹ kó yí. Ó yí 45, ó sì tún lọ díẹ̀ ju ìlàjì lọ. 41/9 nìyẹn, dífúrẹ́ńṣà tí wọ́n bí Junior mọ́, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án láti 1971! Wọ́n wá ki gíà bọ̀ ọ́, mo yí taya kan, ìkejì ń yí padà sẹ́yìn wẹ́rẹ́, LSD kankan ò sí níbẹ̀.

Bọ̀dá ní ká dúró ná. Wọ́n tú púlọ́ọ̀gì kan, orí ẹ́ńjìnì Alfa yìí ihò púlọ́ọ̀gì wà láàárín gan-an, wọ́n ki abẹ́rẹ́ tí ìyàwó wọn fi ń hun súẹ́tà bọ ibẹ̀ títí ó fi kan pístìn, wọ́n fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì jẹ́jẹ́ látìsàlẹ̀ dókè, wọ́n sì wọn bí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe gòkè tó. Ti 1750 àti 2000, 88.5 mm ni. Ti 1300, 75. Tèmi, 82. "1600 ni wọ́n tà fún ẹ." Mo ní bọ̀dá, ṣebí 00512 ni wọ́n kọ sára búlọ́ọ̀kù, nọ́ńbà 2000 sì ni. Wọ́n tanná sí i: wọ́n ti fi fáìlì ha ibẹ̀, alumíníọ̀mù ló kúkú jẹ́, nọ́ńbà kan ga, èkejì wọ́. Mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ẹ̀ wà gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Dífúrẹ́ńṣà 41/9 kúrú, ẹ́ńjìnì máa ń yí ju ti 41/10 lọ ní ìwọ̀n 11 nínú ọgọ́rùn-ún kí taya tó yí ẹ̀ẹ̀kan, torí náà nínú ìgboro, níbi tẹ́ ẹ ti ń dúró tẹ́ ẹ tún ń gbéra, 1600 á máa fò bí ẹni pé agbára wà nínú ẹ̀. Gíà ló ń ṣiṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń gba ìyìn. Ìdí nìyẹn tí bàbá tó tà á fún mi ò fi jẹ́ ká dé motorway, ó ní ojú ọ̀nà dí. Torí náà ẹ má fi test drive ìgboro ra mọ́tò yìí láéláé, ẹ gbé e dé 70 kẹ́ ẹ wo aago.

Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná yẹn náà nídìí. Alfa ayé ìgbà yẹn, gíà kejì wọn ló máa ń kọ́kọ́ kú, tó bá tutù láràárọ̀ ni ẹ máa gbọ́ ọ tó ń ké kríí, tó bá gbóná tán á dákẹ́. Tèmi ń ké bí ewúrẹ́ láràárọ̀. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ṣí i títí ẹ máa fi dé, kẹ́ ẹ sì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kí ẹnikẹ́ni.

Logbook, ẹ̀bi tèmi ni ìyẹn. V5C, ìyẹn logbook yẹn, ṣì kọ 1290cc síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá yẹn ní ó ti pé ọdún mẹ́fà tóun pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ó ní DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, ló ń fi nǹkan falẹ̀. Ọdún mẹ́fà! Mọ́tò tó bá sì ti lé lógójì ọdún, MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, kì í sábà pọn dandan mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní bá yín yẹ abẹ́ ẹ̀ wò.

Ó tún pe ara ẹ̀ ní ẹni lásán, ó ní mọ́tò bàbá òun ni, ṣé ẹ mọ̀ pé tó bá jẹ́ dealer lẹ ti rà á, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà tí ò bá rí bó ṣe júwe ẹ̀. Mo wá fi nọ́ńbà fóònù ẹ̀ wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́tò mẹ́rin míì ló ń tà pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Bàbá mélòó ló ní? Ọjọ́ kọkànlélógún ni mo kọ lẹ́tà sí i, lọ́yà ní mo ṣì wà nínú àkókò.

Láàárọ̀ àná mo rí Spider kan tó ń polówó, "2000 upgrade, long-legged diff", ilẹ̀ gáréèjì pupa kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ kọ sí mi ní inbox kẹ́ ẹ tó gbéra, ma bá yín ra ṣọ́ọ̀kì.