Dell PowerEdge R750: ẹ̀rọ gidi ni, àmọ́ fífi OS sí i gba sùúrù

Ẹ tú páálí, ẹ gbé R750, sáfà Dell (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn), sórí ráàkì, ẹ tan án, ojú sìkíríìnì wá dúdú bí ẹni pé ẹ̀rọ ti kú. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì. Tí iná bá kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ó máa ń fi ìṣẹ́jú mélòó kan yẹ RAM wò. Ihò 32 ló wà fún RAM nínú rẹ̀, bí ohun tó wà níbẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni ìdúró ṣe máa ń pẹ́ tó. Ẹni tí kò mọ̀ á pa á, á tún un tàn, ẹ̀rọ á sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2021 ni Dell gbé e jáde. 2U ni (àyè méjì ló ń gbà lórí ráàkì), ó ń gba prósẹ́sọ̀ Xeon méjì, kò sì sí ẹjọ́ kankan lẹ́nu wa lórí agbára rẹ̀. Fífi OS (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sí i ló ń mú èèyàn làágùn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí Windows Server 2019 ní òun ò rí díìsìkì kankan, bẹ́ẹ̀ iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára gbogbo díìsìkì níwájú ẹ̀rọ. Díìsìkì ò bàjẹ́ o. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò tíì so wọ́n pọ̀ di virtual disk (díìsìkì kan ṣoṣo lójú OS), torí díìsìkì tó bá ṣì wà ní Ready, PERC H755, káàdì RAID tó ń darí àwọn díìsìkì, kì í fi í han OS. Ẹ tẹ F2, ẹ wọ Device Settings, ẹ mú RAID controller, Main Menu, Configuration Management, kẹ́ ẹ wá tẹ Create Virtual Disk. Díìsìkì méjì, RAID 1 (ohun kan náà ló ń kọ sórí méjèèjì). RAID 5 ò ṣeé ṣe bí wọn ò bá pé mẹ́ta. Díìsìkì tó bá ti inú sáfà mìíràn wá á máa jẹ́ Foreign. Ẹ import rẹ̀ tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ẹ clear rẹ̀ tí kò bá sí. Ẹ má ṣì í tẹ̀.

Tí virtual disk bá ti wà tí ọ̀rọ̀ ò yí padà, dráífà ni, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows mọ H755 lò. Windows Server 2019 ti jáde kí H755 tó dáyé, ibo ló ti fẹ́ rí dráífà rẹ̀? Ẹ gbà á lórí ìkànnì Dell, kẹ́ ẹ tẹ Load driver. Àṣìṣe kan wà níbí: .EXE ni fáìlì tí wọ́n ń fún yín, ọ̀pọ̀ sì ń gbé e bẹ́ẹ̀ sórí flash. Windows ò lè kà á. Ẹ kọ́kọ́ tú u sórí kọ̀ǹpútà mìíràn títí ẹ ó fi rí fáìlì .inf.

Ọ̀nà ìrọ̀rùn wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, òun gan-an ló jẹ́ ká fún un ní máàkì. Ẹ tẹ F10 nígbà tó bá ń jí. Lifecycle Controller, ètò tí Dell ti fi sínú ẹ̀rọ, á ṣí. Ẹ mú OS Deployment, lẹ́yìn náà Deploy OS. Á kó dráífà síbì kan tó ń jẹ́ OEMDRV, Windows á sì bá a níbẹ̀. Wákàtí 18 péré ló ń lò kó tó pòórá, torí náà ẹ má sọ pé ó di ọ̀túnla. Bí orúkọ Windows yín ò bá sí níbẹ̀, driver pack (àkójọ dráífà) rẹ̀ ló ti gbó, ẹ fi tuntun sí i.

Flash náà ní wàhálà tirẹ̀. FAT32, ìlànà tí wọ́n sábà fi ń ṣètò flash, kì í gba fáìlì tó bá ju 4GB lọ, install.wim, fáìlì tí Windows wà nínú rẹ̀, sì sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀. Ẹ fi dism /Split-Image gé e, kí /FileSize jẹ́ 3800.

Tí Windows bá ń ráhùn nípa MBR, ìlànà àtijọ́ fún pípín díìsìkì tí GPT ti rọ́pò, ẹ tẹ Shift+F10, kẹ́ ẹ wá kọ ìwọ̀nyí tẹ̀ léra: diskpart, list disk, select disk 0, clean, convert gpt. Ẹ wo nọ́ńbà díìsìkì lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ clean, nítorí ó ń nu díìsìkì náà, kò sì ní bi yín ní ìbéèrè kankan.

Ohun tó ń bí wa nínú ni iDRAC9, apá tí à ń fi darí ẹ̀rọ náà láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ ojúhò rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ fún láptọ́ọ̀pù ní àdírẹ́sì 192.168.0.10, ẹ ṣí 192.168.0.120 nínú bráúsà, root ni orúkọ, ọ̀rọ̀ aṣínà wà lára ike pẹlẹbẹ tí à ń fà jáde níwájú. Títí ibẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ lè fi ISO (fáìlì tí OS wà nínú rẹ̀) ránṣẹ́ gba ibẹ̀ láìlo flash, àfi kẹ́ ẹ san owó license Enterprise. Lórí ẹ̀rọ tó gbówó lórí tó báyìí!

BOSS-S2, káàdì tí à ń fi OS sí, ní tirẹ̀ tó owó tí wọ́n ń gbà: díìsìkì kékeré M.2 méjì ní RAID 1 fún OS nìkan, ẹ sì lè yọ ọ̀kan láti ẹ̀yìn láìpa ẹ̀rọ.

Àwọn tó ń lo Ubuntu Server 22.04 (irú Linux kan) kì í rí wàhálà dráífà yìí, megaraid_sas, dráífà H755, ti wà nínú kernel, ọkàn OS náà. Àmọ́ ẹ fi df -h wo àyè díìsìkì lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Lórí díìsìkì ńlá, 100GB péré ni installer máa ń fún / (àyè tí OS wà) bí ẹ bá gba LVM, ètò tó ń pín àyè díìsìkì, bó ṣe wà. Ẹ lo lvextend -l +100%FREE /dev/ubuntu-vg/ubuntu-lv, kẹ́ ẹ wá fi resize2fs tẹ̀ lé e lórí ọ̀nà kan náà, ìyókù á sì jáde.