Lésà inú èèkù ìbọn àbí èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí trígà: èwo lẹ fẹ́ rà?

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Texas tẹ́ẹ ń gbé ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ, tiyín ni mo ń sọ. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò nílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin ò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún lè gbé e níbí láìgba láísẹ́ǹsì, àmọ́ ẹni tó bá wà níbí lórí físà ilé ìwé tàbí ti iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ò sábà gbà fún un, ó di kó gba green card. Tẹ́ẹ bá sì ń lọ sílé fún Kérésì ẹ fi sílẹ̀ níbí o, ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí òfin Nàìjíríà kà léèwọ̀, àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i.

Èmi, Smith & Wesson 642 ni mo ń gbé, rìfọ́fà kékeré ọlọ́ta márùn-ún, gígùn ẹnu ẹ̀ ò tó ínǹṣì méjì. Sáìtì ẹ̀, ìyẹn ohun tí à ń fojú wò ká tó yìnbọn, kéré gan-an, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí mo bá na ọwọ́ sáìtì iwájú ń ṣe bàìbàì lójú mi, tílẹ̀ bá tún ṣú mi ò rí i rárá. Ìdí tí mo fi wá lésà nìyẹn, iná tó ń ta àmì kékeré síbi tí ìbọn kọjú sí.

Ti inú èèkù, tí Crimson Trace, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe lésà ìbọn, ń pè ní Lasergrips, ẹ máa tú èèkù tó wà lára ìbọn, ẹ ó fi tiwọn dípò, ẹ ò nílò oníṣẹ́ ìbọn kankan. Ibi tó ti dùn mọ́ mi nìyí: bọ́tìnì ẹ̀ wà níwájú èèkù, níbi tí ìka àárín máa ń bà lé gẹ́lẹ́, tẹ́ẹ bá ti di ìbọn mú dáadáa iná ti tàn nìyẹn, tẹ́ẹ bá dẹ ọwọ́ ó kú. Lóru tí àyà èèyàn ń já, ta ló ń ráyè wá bọ́tìnì kiri? Àpò ìbọn tẹ́ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ náà sábà máa ń gbà á. Owó ẹ̀ ló ga, ó sábà máa ń ju $200 lọ. Àléébù kan tún wà, iná yẹn ń jáde lápá ọ̀tún lókè èèkù, ìka tẹ́ẹ nà sára ìbọn lè dí i. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí a ti ń kọ́ ìbọn, mo rò pé bátìrì ti kú, àfìgbà tí mo gbé ìka sókè díẹ̀ tí àmì pupa yọ lára pépà. Ẹ má torí ẹ̀ ki ìka bọ trígà o, òkè ni kẹ́ẹ gbé e sí.

Ìbọn bíi Ruger LCP ò ní èèkù tó ṣeé tú, ara ìbọn náà ni èèkù, Laserguard tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí trígà, ìyẹn ibi tó yí trígà ká, ló wà fún un. Bọ́tìnì tiẹ̀ náà wà níwájú, àmọ́ ìbọn ò ní wọ àpò tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ ka owó àpò tuntun mọ́ ọn. Ti ilé iṣẹ́ LaserMax tó ń wọ inú ìbọn lọ, sípò irin tí sípíríǹgì wà lára ẹ̀, kì í ṣèdíwọ́ fún àpò, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ìka tì í kó tó tàn, kò sì wúlò fún rìfọ́fà. Ẹ sá fún àwọn pọ́ọ́kú. Mo ra ọ̀kan rí lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò tó $50, páálí ọta méjì péré ni mo yìn tí àmì ẹ̀ fi yẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ohun téèyàn fẹ́ fi dáàbò bo ẹ̀mí, ẹ má fi ṣe ìyẹn jàre.

Pupa àbí gírìnì? Ojú ń rí gírìnì dáadáa nínú oòrùn ju pupa lọ, kò sì ju bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ bátìrì, pupa lè tó bíi wákàtí mẹ́rin, gírìnì bíi méjì. Pupa ni mo mú torí òru ni mo ń bẹ̀rù, tó bá di ọ̀sán sáìtì ìbọn wà.

Ilé iṣẹ́ ti máa ń tò ó kí àmì àti ọta lè pàdé ní nǹkan bí àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, àmọ́ lésà ò sí lójú kan náà pẹ̀lú ẹnu ìbọn, àmì àti ọta ò lè pàdé níbi gbogbo, ẹ tún un tò fúnra yín. Èyí tó wúlò jù lójú tèmi ni ìdánrawò nílé: ẹ kó gbogbo ọta jáde, ẹ gbé wọn sí yàrá mìíràn, ẹ tún wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọjú ìbọn sí ògiri tí ẹnikẹ́ni ò sí lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ẹ wá fa trígà díẹ̀díẹ̀. Tí àmì yẹn bá fò, ọwọ́ yín ló gbọ̀n. Oṣù kan gbáko ni tèmi fi ń fò sísàlẹ̀ lápá òsì kó tó dúró.

Bátìrì CR2032 méjì ni Lasergrips tèmi ń lò, ọdọọdún ni mo ń pààrọ̀ ẹ̀ bó kú bí ò kú. Àwọn tó ń fi sínú àpò ṣòkòtò, òwú àpò máa ń bo ojú iná yẹn, ẹ fi òwú etí àti spirit díẹ̀ nù ún lóṣooṣù.