Ìkìlọ̀: Ẹ má ra ẹ̀rọ ìfọṣọ Hoovermatic lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, pàápàá tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀rọ ìfọṣọ àtijọ́ bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà ní Midlands tó ń ta twin tub, ìyẹn ẹ̀rọ ìfọṣọ olójú méjì, ti àwọn ọdún 1960 àti 1970. Ó máa ń sọ pé òun ti tún wọn ṣe látòkè délẹ̀. Irọ́ ni. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní £340. Owó náà ti lọ, ó sì dùn mí, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló mú mi jókòó kọ èyí. Ohun tí mo bá nínú ẹ̀rọ yẹn lè pa èèyàn.

N ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń rí sí irú ẹ̀. Ìṣe rẹ̀ ni màá sọ, ẹ ó sì dá a mọ̀.

Màmá mi wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds ní 1967. Hoovermatic ni ẹ̀rọ ìfọṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi owó ara wọn rà, òun náà ni wọ́n sì kó wọ ọkọ̀ ojú omi nígbà tí wọ́n ń padà sí Ìbàdàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá irú ẹ̀ nílé mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ojú méjì ló ní, ọ̀kan fún fífọ̀, ìkejì fún fífún. Aṣọ funfun ló máa ń kọ́kọ́ wọ omi gbígbóná, aláwọ̀ á tẹ̀ lé e nínú omi kan náà, aṣọ oko á kẹ́yìn. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ ìró ojú ìfúnṣọ rẹ̀ bó ṣe ń gbéra, ẹ̀yìnkùlé wa ní Mọ́kọ́lá ni mo máa ń rí.

Merthyr Tydfil ní Wales ni Hoover ti ń ṣe wọn. 1948 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ọ̀hún, nígbà tó sì di 2009, wọn ò ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ kankan níbẹ̀ mọ́. Èyí tí a bá yọ nínú gáréèjì àwọn àgbàlagbà, tàbí tí a gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ààtàn, nìkan ló kù. Mo ti fọwọ́ ara mi tún mẹ́fà ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí màmá, ọgọ́rin ọdún, ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí àyè láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá èyí tí wọ́n ti tún ṣe.

Mo sọ ìtàn màmá fún ọkùnrin yìí lórí fóònù. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀ tó fi bi mí léèrè: ṣé ẹ máa fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà ni? Mo ní ó ṣeé ṣe. Bí ohùn rẹ̀ ṣe yí padà nìyẹn, ó di ọ̀rẹ́. Ó ní àwọn ará wa pọ̀ nínú oníbàárà òun. Ó ní òun á bá mi dì í sínú páálí lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí n má wulẹ̀ tú u kó tó dé ọ̀hún, kó má baà họ. Ó ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ lórí PayPal bí ẹni fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí. Ẹ̀yin èèyàn mi, owó tó bá gba ọ̀nà yẹn, PayPal ò ní bá yín gbà á padà.

Mo tú páálí náà ní alẹ́ ọjọ́ tó dé. Ó funfun nini, ó ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Mo fi èékánná àtàǹpàkò họ ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí irin ti ṣẹ́ kọrọ sí inú. Ọ̀dà náà ṣí kúrò bí èèpo ẹyin sísè, ìpáàrà pupa sì dà sílẹ̀ wúruwùru. Ó kàn kun ọ̀dà lé irin tó ti dógùn-ún lórí ni.

Mo wá tú ẹ̀yìn rẹ̀. Lásìkò tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí, wáyà pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé ni wọ́n ń lò nílẹ̀ yìí. Nǹkan bíi 1970 ni wọ́n yí i sí àwọ̀ ilẹ̀, búlúù, àti aláwọ̀ ewé tó ní ìlà ìyeyè. Wáyà tuntun ló wà lára tèmi, ìyẹn ò burú, ó yẹ kéèyàn pààrọ̀ ti àtijọ́ torí rọ́bà rẹ̀ máa ń gbẹ, á sì máa fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: aláwọ̀ ewé àti ìyeyè yẹn, wáyà earth, ó ti gé e mọ́lẹ̀ níbi tó ti wọlé, ó fi téèpù dúdú wé ẹnu rẹ̀ dáadáa. Irin ni gbogbo ara ẹ̀rọ yìí. Omi wà nínú rẹ̀, irin tó ń se omi sì wà nínú omi. Tí iná bá jò sí ara ẹ̀rọ tí wáyà earth wà níbẹ̀, iná á gba ibẹ̀ lọ, fíúùsì á já. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó bá fi ọwọ́ tútù kàn án ni iná á gba ara rẹ̀ kọjá.

Mo ní kí n wo fíúùsì inú púlọ́ọ̀gì. Bébà fàdákà inú páálí sìgá ló fi wé e. Ìyẹn ò ní já nígbà tó yẹ kó já.

Ó lẹ sítíkà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn pé wọ́n ti yẹ iná rẹ̀ wò, ó kọ déètì sí i. Wọ́n ń ta sítíkà yẹn ní róòlù, ẹnikẹ́ni ló lè rà á. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́ á ní nọ́ńbà tó kọ sílẹ̀: ohm mélòó (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà) ni wáyà earth, megohm mélòó (mílíọ̀nù ohm) ni wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi 500 fóltì dán an wò bóyá iná ń jò. Tí kò bá ti tó megohm 1, kò yege. Ẹ ní kó fi nọ́ńbà yẹn hàn yín. Ọkùnrin yìí ò rí nǹkan kan sọ.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti ojú ìfúnṣọ. Bí wọ́n ṣe ṣe twin tub, tẹ́ ẹ bá ti ṣí ìdérí, iná á kú, bíréèkì á sì di igbá inú rẹ̀ mú. Bíréèkì tèmi ti jẹ tán. Kàkà kó pààrọ̀ rẹ̀, ńṣe ló fi okùn rọ́bà so súìṣì ìdérí pa, kí ẹ̀rọ lè máa rò pé ìdérí wà ní pípadé. Lẹ́yìn tí mo ti so wáyà earth padà tí mo sì fi fíúùsì gidi sí i, mo tàn án nínú gáréèjì láìsí aṣọ nínú rẹ̀. Mo ṣí ìdérí. Ó ń yí lọ ni, ó ń hu. Igbá yẹn ń yí ju ìgbà 2,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, fẹ́ràn láti yọjú wo inú rẹ̀. Tó bá na ọwọ́ sí i ńkọ́?

Rọ́bà abẹ́ ojú ìfúnṣọ tó yẹ kó di omi mú, kó má kán sórí ẹ́ńjìnnì, ti ya. Gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń lẹ ilé ìwẹ̀ ló fi dí i. Kápásítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ láti gbéra, sì ń ṣun epo. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan epo kápásítọ̀ àtijọ́ o, oró PCB tí wọ́n ti fòfin dè lè wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo pè é, ó ní òun kì í ṣe oníṣòwò, pé nǹkan inú ilé òun lòun tà. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà fún títà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo bá ìyá kan pàdé ní Peckham tó ra tiẹ̀ fún ilé wọn ní Abẹ́òkúta. Oṣù méjì àti díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó tú páálí ọ̀hún. Iná gbé ọmọbìnrin tó ń bá wọn fọṣọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé NEPA mú iná lọ lójú ẹsẹ̀. Èsì tí ọkùnrin yìí fún ìyá náà ni pé ó ti pẹ́ jù.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n gbájúẹ̀ rẹ̀. Òfin oníbàárà ọdún 2015 nílẹ̀ yìí (Consumer Rights Act) fún ẹni tó bá ra ọjà tó lábùkù lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Lórí òkun ni ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ń parí. Ìdí nìyẹn tó fi ń bá wa di páálí lọ́fẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń ní kí á má tú u. Àwa gan-an ló ń wá, nítorí ó mọ̀ pé ẹrù wa ń lọ sílé.

Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa àwòrán rẹ̀: kápẹ́ẹ̀tì pupa nílẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì ìyeyè lórí ẹ̀rọ. Kì í ya ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ rárá, omi kì í sì í sí nínú fídíò rẹ̀. Ẹ ní kó bu omi gbígbóná sí i lójú yín, kó fọṣọ, kó fún un, kó sì ṣí ìdérí níbi tó ti ń yí. Ẹ ní kó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá ti ń rojọ́, ẹ máa lọ ilé yín. Tẹ́ ẹ bá máa san owó tó ju £100 lọ fún oníṣòwò, káàdì kírẹ́díìtì ni kẹ́ ẹ fi san án, torí báńkì á lè bá yín dá sí i.

Ẹni tó bá ti rà á, ẹ pe Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, àwọn ni wọ́n á fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Trading Standards, àwọn tó ń mójú tó ìwà oníṣòwò. Tí páálí yín bá ṣì wà níbí, ẹ tú u lónìí, kí kọ̀ǹténà tó gbéra. Tó bá sì ti dé ilé, ẹ má dúró dọ̀la: ẹ pe àwọn ará ilé báyìí, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án títí oníṣẹ́ iná á fi tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò.