Mo ra abo 12, méje ti ń kọ: àgbéyẹ̀wò ilé ìtajà òròmọdìyẹ kan n'Íbàdàn

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Àìkú ni ọ̀kan nínú àwọn "abo" mi kọ. Kì í ṣe pé ó ké o, ó kọ ni, ohùn rẹ̀ ha bíi ti ọmọkùnrin tó ń bàlágà. Ọkọ mi yíjú sí mi lórí ibùsùn: "Ìyá Tọ́pẹ́, adìyẹ ta nìyẹn?" Mi ò dá a lóhùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú kejì, méje nínú 12 ti ń kọ.

Ẹyin ni mo ní mo ń wá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, Isa Brown ni gbogbo wọn, abo pọ́nńbélé." Isa Brown yìí, irú adìyẹ kan tí wọ́n ń sìn fún ẹyin ni. Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n, ₦3,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọ̀kan, ó na apá rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí, ó sì mi orí bíi dókítà. Orí tó mì yẹn ni mo rà. Ọ̀kan nínú wọn ò ní ìyẹ́ kankan lọ́rùn. Ó ní àwọn yòókù ló ń ṣá a, ó bá ta òògùn ìpara ₦1,800 fún mi. Odidi oṣù kan ni mo fi ń para fún adìyẹ!

Lọ́jọ́ Ajé, mo ki àkùkọ kan sínú àpò, ó di ọ̀dọ̀ wọn.

"Mọ́mì, abo míì náà máa ń kọ."

"Ilé baba ta ni abo ti ń kọ tí wọn ò ní pa á kílẹ̀ tó ṣú?"

Ó ní bóyá oúnjẹ tí mo rà níbòmíì ló fà á. Mo bi í léèrè oúnjẹ tó ń sọ abo di akọ, kí n lè rà á fún ará àdúgbò mi kan. Ó ní ọ̀gá ò sí nílé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wà lẹ́yìn káńtà, ó ń mu ẹ̀kọ.

Bàbá yẹn ló jẹ́ kí inú mi rọ̀. Ó fọwọ́ nù, ó gba àkùkọ lọ́wọ́ mi, kò sì jiyàn rárá. "Èyí kì í ṣe Isa Brown, ìyá. Láti ọjọ́ tí Isa Brown bá ti jáde nínú ẹyin ni àwọ̀ rẹ̀ ti ń sọ ọ́: abo pupa, akọ funfun. Títí akọ yóò fi dàgbà, funfun ni. Noiler, irú adìyẹ míì tí wọ́n ń sìn fún ẹran àti ẹyin, lèyí jọ lójú tèmi." Àṣé irọ́ méjì ni àkùkọ pupa mi fi ohùn kan tú!

Ó ní tó bá jẹ́ adìyẹ dúdú tí wọ́n ń sìn fún ẹyin ni, àmì funfun orí ọmọ ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń mọ akọ. Ó na ìyẹ́ ọrùn àkùkọ mi hàn mí: ó gùn, ó ṣóńṣó, ti abo a máa rí roboto. "Ogbe wọn á ti máa pọ́n níjọ́ tí ẹ rà wọ́n. Ṣé ẹ ò wò ó ni?" Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Mo ní ọmọ yín wo ìdí wọn. Ó rẹ́rìn-ín: "Ọmọ ọjọ́ kan ni wọ́n ń wo ìdí ẹ̀, ẹni tó sì kọ́ ọ ló ń wò ó."

Nígbà tí mo dárúkọ èyí tí ọrùn rẹ̀ ò ní ìyẹ́, ẹ̀rín ń pa á lọ, ó ń wúkọ́. "Abọ́lọ́rùn ni! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ó tiẹ̀ máa ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ."

Ó fi Isa Brown mẹ́ta rọ́pò, òun fúnra rẹ̀ ló ṣà wọ́n lójú mi. Mẹ́ta rọ́pò méje, ẹ ṣírò ó. Kò dá owó òògùn padà, ó ní èyí tí a ti ṣí kì í padà sórí àtẹ. Ọmọkùnrin yẹn ò sì tọrọ àforíjì títí dòní.

Páálí tí wọ́n kó wọn sí dára, ó ní ihò púpọ̀.

Ní Kérésì, mo ta àkùkọ márùn-ún ní iye tó ju ìlọ́po mẹ́ta owó tí mo rà wọ́n. Abọ́lọ́rùn ló sì kọ́kọ́ yé.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Èyí tí mo yọ, ti òògùn ọrùn ni.